Bí A Ṣe Ń Kọ́ Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Oníkọnkéré Sínú Ilé Tí A Ń Tún Ṣe ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń tún ilé ṣe ní Abẹ́òkúta, tó sì fẹ́ kí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú ọgbà rẹ̀, gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ adágún náà ṣáájú. Ọ̀pọ̀ onílé ni ó máa ń kun ilé tán, tí wọ́n á tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì yí ilé ká, tí wọ́n á sì gbé géètì tuntun sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò gbẹ́ kòtò. Ìgbà náà ni wọ́n á rí i pé ọkọ̀ típà kò lè wọlé láìba íńtálọ́ọ̀kì jẹ́, pé kò síbi tí a lè da erùpẹ̀ sí, àti pé a óò tún ilẹ̀ hú nítorí páìpù omi àti wáyà iná tó yẹ kó ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ètò tó dára ni pé kí a gbẹ́ kòtò, kí a da kọnkéré, kí a sì fi omi dán an wò nígbà tí ilé ṣì wà lọ́wọ́ bíríkìlà, kí ọ̀dà, táìlì àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Nínú àlàyé yìí, adágún tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 4, ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Jíjìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 1.1 níhà kan, ó sì parí sí mítà 1.7 níhà kejì. Irú adágún bẹ́ẹ̀ ń gba omi tó tó lítà 45,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù 45, ó sì tó ìdílé kan lúwẹ̀ẹ́. Mi ò rí ìdí tí a ó fi gbẹ́ adágún ilé jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa forí bẹ́ sínú adágún inú ọgbà, gbogbo ohun tí a bá sì fi kún jíjìn rẹ̀ ni a óò sanwó rẹ̀ lórí kọnkéré, tí a óò tún sanwó rẹ̀ lórí àpáta tí a óò fọ́.

Ilẹ̀ àti àpáta

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í rí bákan náà láti igun ọgbà kan sí ìkejì. Ní àwọn àdúgbò tó yí Òkè Olúmọ ká, bí Ìtòkò àti Ìkìjà, àpáta lè yọrí sókè gbangba, ó sì lè fara pamọ́ sábẹ́ erùpẹ̀ díẹ̀. Ní ìhà Láfẹ́nwá àti àwọn ibi tó rẹlẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùn, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé, pàápàá lásìkò òjò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò àyẹ̀wò mẹ́ta, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìdí ibi tí adágún yóò wà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jìn ju ìsàlẹ̀ adágún lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá omi yóò sun sínú wọn, kí ẹ sì kọ ibi tí yangí ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ fi pákó bò wọ́n lálẹ́ nítorí ọmọdé àti ewúrẹ́.

Bí ihò kan bá kan àpáta, tí èkejì sì kan erùpẹ̀ rírọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré lé wọn lórí bẹ́ẹ̀. Ìhà tó wà lórí àpáta kò ní rìn, ìhà kejì yóò máa rì díẹ̀díẹ̀ bí omi tọ́ọ̀nù 45 ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ilẹ̀ adágún yóò sì ti là. Ọ̀nà méjì ni àwọn ẹnjiníà máa ń gbà yanjú rẹ̀. Wọ́n lè fọ́ àpáta náà wọlẹ̀ sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí wọ́n wá fi òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí a gún dáadáa tẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ kòtò, kí gbogbo adágún lè jókòó lé ohun kan náà. Wọ́n sì lè hú erùpẹ̀ rírọ̀ náà kúrò títí dé orí àpáta, kí wọ́n fi kọnkéré tí kò ní irin dí ibẹ̀. Èkejì yìí ni mo fẹ́ràn jù níbi tí àpáta kò bá ti jìn, nítorí pé ojú lásán kò lè fi ilẹ̀ tí a gún dénú hàn yàtọ̀ sí èyí tí a gún lórí nìkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè rí kọnkéré. Bí àpáta bá wá pọ̀ jù, ọ̀nà kẹta wà tí onílé kì í sábà rò: kí a gbé adágún náà sókè, kí apá kan ògiri rẹ̀ yọ lókè ilẹ̀, kí a sì kọ́ àtẹ̀gùn kúkúrú sí i. Kí ẹnjiníà mọ̀ nípa rẹ̀ kó tó ṣírò irin, nítorí ògiri tó yọ síta kò ní erùpẹ̀ tí yóò bá a gba omi dúró.

Ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ àpáta ni kí ẹ fi fọ́ òkúta. Ẹ má gba ẹni tó bá sọ pé òun yóò jó táyà lórí àpáta kí ó lè là, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń pa aládùúgbò lára, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ìlàlà náà yóò dé. Ẹ̀tù ni kí ẹ má tilẹ̀ dárúkọ láàárín ilé. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó láìgba àṣẹ ìjọba. Kódà, ẹ̀rọ lásán a máa mi ògiri tìtì. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ibi tó ti là lára ilé yín àti lára ilé aládùúgbò, kí òun náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà á, kí ọ̀rọ̀ má bàa di ìjà lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ti bí adágún ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé náà. Iye tí ìsàlẹ̀ kòtò bá fi jìn ju ìpìlẹ̀ lọ, ó kéré tán, kí etí kòtò fi iye bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ilé. Bí ìpìlẹ̀ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí kòtò sì jìn ní mítà 2, àlàfo tó lé ní mítà kan ni ó kéré jù, mítà 2 ni ó sì fọkàn balẹ̀. Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú nílò àlàfo tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rinrin ni ọ̀tá irú ògiri bẹ́ẹ̀, kì í sì í ní ìpìlẹ̀ tó jìn. Kí kòtò náà jìnnà sí ṣaláńgá àti sókàwéè pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ìdọ̀tí yóò sun sínú kòtò kí a tó ráàyè da kọnkéré.

Ẹnjiníà tó bá ṣírò irin fún yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ní orúkọ lọ́dọ̀ COREN, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Àwòrán rẹ̀ ni ẹ óò fi kún ìwé tí ẹ óò fi tọrọ àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà iṣẹ́ yìí. Bí òjò bá ti dá ní oṣù kọkànlá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, kí kọnkéré lè ti gbó, kí omi sì ti wà nínú adágún kí òjò ńlá tó padà dé. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti ṣírò. Ilẹ̀ àti ògiri adágún àpẹẹrẹ wa, tí wọ́n bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20, wọn bíi tọ́ọ̀nù 35, ṣùgbọ́n omi tó bá kún kòtò yí i ká dé ọrùn lè fi agbára tó tó tọ́ọ̀nù 59 tì í sókè. Adágún tó ṣófo nínú irú omi bẹ́ẹ̀ á léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, bó bá sì ti dìde kúrò láyè rẹ̀, gbogbo páìpù abẹ́ rẹ̀ ti já nìyẹn.

Kòtò àti páìpù

Kí kòtò fẹ̀ ju adágún lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 60 yíká, kí káfíńtà lè ríbi dúró lẹ́yìn pákó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, kí ẹ dẹ etí kòtò sẹ́yìn, kí ó má dúró ṣánṣán, kí erùpẹ̀ tí a hú sì jìnnà sí etí rẹ̀. Kòtò mítà 2 tó bá ya lu ènìyàn lè pa á. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ri páìpù kan dúró láti inú òkúta náà títí dé orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, kí ó ní ọmọrí. Páìpù yìí kò wọ́n, òun ni yóò sì máa sọ fún yín títí ayé bóyá omi wà lábẹ́ adágún tàbí kò sí. Lórí òkúta náà ni ẹ óò da kọnkéré fẹ́lẹ́ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, ọ̀kan sìmẹ́ńtì, mẹ́ta yanrìn, mẹ́fà òkúta, kí irin má bàa fara kan ẹrẹ̀.

Púlọ́ńbà ni yóò tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí ó fi ihò ìfàmi méjì sí ìsàlẹ̀ adágún, kí wọ́n jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 90 ó kéré tán, kí ìdérí wọn sì jẹ́ irú èyí tí irun tàbí ara kò lè há sí. Ihò kan ṣoṣo lè fa ọmọdé mọ́lẹ̀ kí ó má sì lè dìde. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 2007. Gbogbo páìpù tó máa la kọnkéré kọjá gbọ́dọ̀ ní ọrùn gbòòrò tí yóò dènà omi láti gba ara rẹ̀ yọ. Ẹ fún wọn lómi pẹ̀lú agbára, ẹ dí ẹnu wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí géèjì wà lórí wọn títí tí a ó fi da kọnkéré tán, kí ẹ lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí lébìrà kan bá tẹ ọ̀kan fọ́.

Irin

Irin 12, ìyẹn èyí tó nípọn ní mìlímítà 12, ni ó wọ́pọ̀ fún adágún tó tó báyìí, ìpele méjì nínú ògiri àti ìpele méjì nínú ilẹ̀, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ní òró àti ní ìbú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán ẹnjiníà ni àṣẹ. Àwọn kan á ní ìpele kan tó. Kò tó, nítorí ọ̀nà méjì ni ògiri adágún fi ń jìyà: nígbà tí omi bá kún inú rẹ̀, òun ló ń tì í síta, ìgbà tó bá sì ṣófo, erùpẹ̀ ẹ̀yìn ń tì í wọlé. Inú ni ògiri ti fẹ́ là ní àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni ó ti fẹ́ là ní ìkejì, irin sì gbọ́dọ̀ wà níbi méjèèjì.

Kí ẹ tó sanwó irin, ẹ gé mítà kan gééré lára ọ̀kan, kí ẹ sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Irin 12 tó pé máa ń wọn gíráàmù 888 ní mítà kan, irin 10 sì máa ń wọn gíráàmù 617. Irin tí wọ́n pè ní 12 tí kò wọn ju gíráàmù 750 lọ ti sún mọ́ irin 11, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já a sílẹ̀ lọ́gbà yín. Níbi tí irin méjì bá ti so, kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 60 gun ara wọn, kí gbogbo ìsopọ̀ má sì wà lójú kan. Irin ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ inú ògiri láìgé ní ìgun. Ẹni tó bá gé irin níbẹ̀ ti gé adágún náà sí méjì.

Bísíkíìtì kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí ẹ fi gbé irin kúrò lára pákó àti kúrò nílẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ lo fífọ́ bíríkì, àpólà igi tàbí òkúta tí lébìrà ṣà nílẹ̀. Omi tó ní klórínì, ìyẹn oògùn tí ń pa kòkòrò inú omi, a máa wá irin kàn, irin tó bá dípẹtà á wú, yóò sì la kọnkéré láti inú wá.

Kọnkéré

Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń ṣàkóso ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ti pín sìmẹ́ńtì sí ìpele, tí wọ́n sì fi 32.5 sí iṣẹ́ rírẹ́ ògiri nìkan. Èyí tí a kọ 42.5 sí lára àpò rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta kò ní àwíjàre lórí sìmẹ́ńtì tó ti pẹ́ tó sì ti di òkúta nínú àpò, nígbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Ewékorò àti ní Ìbèsè. Ìpín rẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn ọ̀kan àti ààbọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta; bí a bá pò ó báyìí, àpò bí 8 ni kúbíìkì mítà kan ń gbà, ilẹ̀ adágún àpẹẹrẹ wa yóò sì gba àpò bí 60, ògiri rẹ̀ yóò gba iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Yanrìn odò tí a fọ̀ ni ó dára, kí ó má ní amọ̀ nínú.

Omi ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò gbọ́dọ̀ mu ju lítà 25 lọ, a ó sì yọ omi tó ti wà nínú yanrìn tútù kúrò nínú iye yẹn. Àwọn tó ń po kọnkéré fẹ́ràn kí ó máa ṣàn, nítorí kì í jẹ́ kó rẹ wọ́n, ṣùgbọ́n omi tó mú un ṣàn ni yóò fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, inú ihò wọ̀nyẹn ni omi adágún yóò sì gbà jáde. Bí kọnkéré bá le jù láti dà, oògùn tí ń mú kọnkéré rọ̀ wà lọ́jà, ẹ lò ó dípò omi. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi da gbogbo ilẹ̀ adágún, láìdúró, pẹ̀lú gèlè ògiri, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ògiri, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lára rẹ̀, kí ìsopọ̀ ilẹ̀ àti ògiri má bàa wà ní ìgun gan-an. Sí àárín gèlè náà ni ẹ óò ri rọ́bà ìdènà omi sí yíká, kí ìdajì rẹ̀ wà nínú kọnkéré àkọ́kọ́, kí ìdajì yòókù dúró de kọnkéré ògiri. Ẹ fi wáyà dì í mọ́ irin kí ó má ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀rọ ni kí ó po kọnkéré, kì í ṣe ṣọ́bìrì, kí ẹ̀rọ tí ń gbọn ọ́n sì jẹ́ méjì, nítorí ọjọ́ tí ọ̀kan ṣoṣo bá wà ni yóò bàjẹ́. Ògiri náà, ọjọ́ kan ni. Kí wọ́n máa dà á yíká ní ìpele bíi sẹ̀ǹtímítà 50, kí wọ́n má dúró sójú kan kún un. Ẹ ṣọ́ káfíńtà kí ó má fi igi tàbí wáyà tó la ògiri já so pákó, nítorí ọ̀nà omi ni irú rẹ̀ máa ń dà.

Oṣù ọyẹ́ máa ń gbẹ ojú kọnkéré kí inú rẹ̀ tó le. Bí ojú rẹ̀ bá ti le díẹ̀, ẹ fi àpò tútù àti ọ̀rá bò ó, kí ẹ sì máa bu omi sí i ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ jẹ́ kó di 14. Ní ti ilẹ̀ adágún, ó rọrùn jù láti bu omi sí i kí ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ìdánwò omi

Lẹ́yìn ọjọ́ 28, kí ẹ tó da erùpẹ̀ padà sẹ́yìn ògiri, kí ẹ sì tó rẹ́ ohunkóhun, ẹ rọ omi sínú adágún. Ẹ rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ògiri lè máa gba ẹrù náà lérèélérèé, kí ẹ sì máa yí i ká wò láti ẹ̀yìn. Nígbà tó bá kún, ẹ fi àmì sí ojú omi, kí ẹ sì gbé báfà kan tó ní omi sórí àtẹ̀gùn inú adágún, kí a fi àmì sí òun náà. Oòrùn yóò fa omi méjèèjì bákan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, bí omi adágún bá lọ sílẹ̀ ju ti báfà lọ, ó ń jò. Ibi tí ẹ̀yìn ògiri bá ti rin ni ẹ óò ti mọ̀. Bí ẹ̀yìn bá gbẹ, ẹ yẹ páìpù àti ilẹ̀ wò. Ẹ fa omi náà, kí ẹ gbẹ́ ibẹ̀ láti inú dé kọnkéré tó le, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì aláìgbomi dí i, kí ẹ sì tún rọ omi. Bíríkìlà yóò sọ pé táìlì yóò bò ó. Táìlì kì í dá omi dúró, ẹ má gbà fún un.

Erùpẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ fi dí ẹ̀yìn ògiri, ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 20, kí wọ́n gún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwókù búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá àti pákó tí a tú kúrò lára ilé ni àwọn lébìrà máa ń fẹ́ sin síbẹ̀, nítorí pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ owó típà. Íńtálọ́ọ̀kì tí ẹ bá tẹ́ lé e lórí yóò rì láàárín ọdún kan.

Ohun tó kù kò le. Ẹ fi ọ̀dà sìmẹ́ńtì aláìgbomi kun inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ rẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù tí omi kò lè yọ́ lẹ táìlì. Kí táìlì orí etí adágún àti ti àtẹ̀gùn jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tó yí i ká gbọ́dọ̀ dagun kúrò lọ́dọ̀ adágún àti ilé, sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù àti asẹ́ oníyanrìn tó lè yí gbogbo omi náà po láàárín wákàtí 8 tó, ìyẹn bíi lítà 5,600 ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà yín, nítorí iná ìjọba lè má fún yín ní wákàtí 8 lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ iná kò gba àfiṣeré. Kí gílóòbù inú omi jẹ́ ti fólítì 12, kí sákíítì adágún ní bíríkà tí yóò já bí mílíáńpíà 30 bá sálọ, kí irin inú kọnkéré, pọ́ǹpù àti àkàbà irin sì so mọ́ wáyà áàtì kan náà. Láńtíríìṣàn gbọ́dọ̀ so ti irin kọnkéré kí a tó da kọnkéré lé e. Kí ọgbà kékeré tó ga ní mítà 1.2 yí adágún ká, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa dá pa ara rẹ̀ dé, kí ìkọ́ rẹ̀ sì ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé lọ. Kí èyí parí kí omi ìkẹyìn tó wọlé.

Omi bọ́họ́ọ̀lù tó ní irin nínú lè di pupa bí ẹ bá da klórínì sí i. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù àti asẹ́ ṣiṣẹ́ títí yóò fi mọ́. Klórínì míligíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan ni ó yẹ, kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bí ó bá sì di dandan láti fa gbogbo omi náà nítorí àtúnṣe, ẹ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣí ọmọrí páìpù àyẹ̀wò, ẹ sọ okùn tó ní òkúta lẹ́nu sínú rẹ̀. Bí okùn náà bá jáde ní tútù, ẹ má tíì tan pọ́ǹpù.